Àwọn Obìnrin Tó Ṣe Amí Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì: Ìbéèrè Tó Wọ́pọ̀ Àti Ìdáhùn Wọn

Obìnrin tó ṣe amí lójú ogun pọ̀ kárí ayé, a ò lè ka gbogbo wọn tán. Àwọn tí mo máa sọ̀rọ̀ wọn jù níbí ni àwọn tí Ìlú Ọba rán wọ ilẹ̀ Faransé nígbà tó wà lábẹ́ Jámánì, torí àkọsílẹ̀ tiwọn pọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ló sì ká mi lára jù. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ orúkọ wọn àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe gan-an, torí èyí tí fíìmù ń fi hàn wá jìnnà sí i gan-an ni.

Ta ló rán wọn níṣẹ́?

Àjọ kan tó ń jẹ́ SOE ni. Oṣù kẹfà ọdún 1940 ni Faransé bọ́ sọ́wọ́ Hitler, nígbà tó fi máa di oṣù keje ìjọba Ìlú Ọba ti dá SOE sílẹ̀, Churchill olórí ìjọba wọn sì ní kí wọ́n lọ dáná sun Yúróòpù. Baker Street ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọ́fíìsì wọn wà, orúkọ mìíràn ni wọ́n sì kọ sára ilé yẹn kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa yọ́ èèyàn wọ àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ti gbà, kí wọ́n kó àwọn ará ìlú tó fẹ́ jà jọ, kí wọ́n wá ìbọn àti bọ́ǹbù fún wọn, kí wọ́n máa ba rélùwéè jẹ́, kí wọ́n máa gé wáyà tẹlifóònù.

Ẹ̀ka tó ń rí sí Faransé ni wọ́n ń pè ní F Section, Maurice Buckmaster lọ̀gá ibẹ̀. Obìnrin kan wà tó ń bá a ṣiṣẹ́, Vera Atkins, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn torí mo máa padà sórí ẹ̀. F Section rán obìnrin 39 lọ sí Faransé. 13 nínú wọn ò padà wálé.

Kí ló dé tó jẹ́ obìnrin ni wọ́n ń wá, ṣé ọkùnrin tán ni?

Ọkùnrin ò tán o. Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí, ọ̀dọ́kùnrin tó bá ń rìn kiri lójú títì ní Faransé nígbà yẹn, sójà máa dá a dúró, wọ́n á ní kí ló dé tí ò sí níbi iṣẹ́, níbo ni pépà ẹ̀ wà, ibo ló ń lọ. Ó tún wá burú sí i látoṣù kejì ọdún 1943 nígbà tí wọ́n ṣòfin STO tó ní kí wọ́n máa kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ ṣiṣẹ́ tipátipá ní Jámánì. Àmọ́ obìnrin tó gun kẹ̀kẹ́, tó so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kí ni wọ́n máa bi í? Oúnjẹ ti wọ́n, gbogbo ìyá ọlọ́mọ ló ń lọ sí abúlé lọ wá ẹyin àti bọ́tà, torí náà kò sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́ ẹyin yẹn ni lẹ́tà máa wà, tàbí owó, tàbí ẹ̀yà ara rédíò.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ológun ò tètè gbà. Òfin iṣẹ́ ológun wọn ò fàyè gba obìnrin láti gbé ìbọn, ọdún 1942 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n sì wá dọ́gbọ́n sí i, wọ́n kọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn mọ́ FANY, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń wa ọkọ̀ tó sì ń tọ́jú aláìsàn, tí kì í ṣe ara ọmọ ogun gidi. Ọgbọ́n yẹn ló padà dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ pín àmì ẹ̀yẹ, mo máa débẹ̀.

Irú obìnrin wo ni wọ́n gbà?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kó gbọ́ Faransé bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, èèyàn lásán bíi tèmi tìẹ ni wọ́n. Violette Szabo ń ta lọ́fínńdà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Andrée Borrel ti ta búrẹ́dì rí ní Paris. Noor Inayat Khan ń kọ ìtàn fáwọn ọmọdé. Odette Sansom jẹ́ ìyá ọmọ obìnrin mẹ́ta, ó gbọ́ lórí rédíò lọ́dún 1942 pé kí ẹni tó bá ní fọ́tò etíkun Faransé fi ránṣẹ́ sí àwọn ológun ojú omi, ó wá fi tiẹ̀ ránṣẹ́, àmọ́ àdírẹ́sì iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ ló kọ sí i, bí wọ́n ṣe rí i nìyẹn tí wọ́n pè é.

Púpọ̀ nínú wọn ló ní ìdí tiẹ̀. Ọkọ Violette, Étienne, kú lójú ogun ní El Alamein lóṣù kẹwàá ọdún 1942, kò fojú kan ọmọ tí ìyàwó ẹ̀ bí fún un títí tó fi kú.

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ wọn?

Wọ́n kó wọn lọ sí àwọn òkè Arisaig ní Scotland, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wọn nípa ìbọn, bọ́ǹbù, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ lásán pa èèyàn. Wọ́n lọ kọ́ fífò látinú bàálù ní Ringway nítòsí Manchester. Lẹ́yìn náà ni Beaulieu, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń parọ́ tó máa dúró, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ tí ẹnì kan bá ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, wọ́n á jí wọn lóru, wọ́n á tan iná sí wọn lójú, àwọn tó wọṣọ sójà Jámánì á máa bi wọ́n ní ìbéèrè pẹ̀lú ariwo.

Kí wọ́n tó lọ, wọ́n máa ń yẹ gbogbo ara wọn wò. Aṣọ wọn, télọ̀ tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ ní Faransé ló rán an, torí okùn téèyàn fi rán bọ́tìnì lásán lè tú àṣírí. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kan tó bá ṣẹ́ kù sí àpò, ẹ̀mí èèyàn ni. Vera Atkins fúnra ẹ̀ ló máa ń yẹ̀ wọ́n wò, òun ló sì máa ń sìn wọ́n dé ibi bàálù.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe gan-an tí wọ́n bá débẹ̀?

Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń ní èèyàn mẹ́ta: ọ̀gá, ẹni tó ń jíṣẹ́ kiri, àti oní-rédíò. Obìnrin tó pọ̀ jù ló ń jíṣẹ́, ìyẹn ni pé kí wọ́n wọ rélùwéè tàbí kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú kan dé òmíì, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sórí torí kíkọ ọ́ sílẹ̀ léwu, kí wọ́n kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ pépà wò lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, kí ojú wọn má yí padà.

Iṣẹ́ rédíò ló léwu jù. Inú àpótí bí èyí téèyàn fi ń rìnrìn àjò ni wọ́n kó rédíò yẹn sí, ó tó kílò 15, obìnrin yẹn á wá máa gbé e kiri bíi pé aṣọ ló wà níbẹ̀. Wáyà ẹ̀ gùn tó mítà 20, ó gbọ́dọ̀ ta á gba ojú fèrèsé tàbí sórí igi lẹ́yìnkùlé kí Lọ́ńdọ̀nù tó lè gbọ́ ọ. Á kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ di kóòdù, á wá máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ báyìí làwọn ará Jámánì náà ti gbé mọ́tò jáde, mọ́tò tó ní ẹ̀rọ tó ń wá ibi tí ìró ti ń jáde. Wọ́n máa ń pa iná mànàmáná àdúgbò kan, wọ́n á tún lọ pa ti òmíì, ibi tí wọ́n bá pa iná tí rédíò yẹn dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó parí, wọ́n ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Torí ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ máa lo ibì kan náà. Lọ́dún 1943, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ń kà fún oní-rédíò kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo Phyllis Latour, ọmọ tí wọ́n bí ní Durban ní Gúúsù Áfíríkà. Ó fò látinú bàálù sí Normandy ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 1944, ẹni ọdún 23 ni, àmọ́ ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ ọdún 14 lòun, ó ń gun kẹ̀kẹ́ ta ọṣẹ fáwọn sójà Jámánì, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọdé tí ò mọ nǹkan kan. Ara aṣọ sílíìkì ni kóòdù ẹ̀ wà, ó wé e mọ́ irin tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà, ó wá kì í bọ inú okùn tó fi ń di irun. Lọ́jọ́ kan wọ́n mú un, wọ́n bọ́ aṣọ lára ẹ̀, obìnrin tó ń yẹ̀ ẹ́ wò wá ń wo okùn irun yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló fà á tú, tó jẹ́ kí irun ẹ̀ já wálẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ. Ìgbà 135 ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù láti àárín àwọn èèyàn yẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé ńṣe ni wọ́n máa ń bá àwọn ọ̀gá ọ̀tá sùn láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn?

Mata Hari lẹ̀ ń rò. Obìnrin oníjó ará Họ́láńdì ni, Faransé yìnbọn pa á ní Vincennes ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1917, nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, títí dòní ni wọ́n ń jiyàn pé bóyá ló tiẹ̀ ṣe amí kankan tó ní láárí. Látìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti ní obìnrin amí, ibùsùn ló ń sọ sáwọn èèyàn lọ́kàn. Ó máa ń bí mi nínú. Àwọn obìnrin SOE ń gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò, wọ́n ń sun inú ahéré, wọ́n ń ka kóòdù títí ojú fi ń ro wọ́n, ìyẹn niṣẹ́ wọn.

Ṣé wọ́n jagun gan-an?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí Gestapo, àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Jámánì, mú ọ̀gá Pearl Witherington lóṣù karùn-ún ọdún 1944, iṣẹ́ jíjẹ́ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ rán Pearl wá, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń darí ọmọ ogun, ó wá gba ipò yẹn, ó ń kó ìbọn fún àwọn ará ìlú tó ń jà, ó ń ṣètò wọn, títí wọ́n fi lé ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n sì ń gé ojú irin tó ń gbé sójà Jámánì lọ sí Normandy.

Nancy Wake tún wà. Wellington ní Niu Silandi ni wọ́n bí i sí, Ọsirélíà ló dàgbà sí, Gestapo wá a títí, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Eku Funfun torí gbogbo ìgbà ló ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí oní-rédíò wọn pàdánù kóòdù, ó gun kẹ̀kẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 500 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ń kọjá láàárín àwọn sójà, kó lè wá bí wọ́n ṣe máa tún bá Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀. Nígbà tó débi tó ń lọ kò lè dìde dúró mọ́. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló tó gbọ́ pé Gestapo ti pa ọkọ òun lọ́dún 1943 torí kò gbà láti tú àṣírí ìyàwó ẹ̀.

Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ò ní ẹsẹ̀ kan, ṣé lóòótọ́?

Virginia Hall, ará Baltimore ní Amẹ́ríkà. Ìbọn ló ṣèèṣì yìn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lọ́dún 1933 nígbà tó lọ ṣọdẹ ní Tọ́kì, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, ó wá ń fi ẹsẹ̀ onígi rìn, Cuthbert ló sọ ẹsẹ̀ yẹn. SOE rán an lọ sí Faransé lóṣù kẹjọ ọdún 1941, Lyon ló fi ṣe ibùjókòó. Nígbà tí Jámánì gba ìyókù Faransé lóṣù kọkànlá ọdún 1942, ó fẹsẹ̀ yẹn gun òkè Pyrenees nínú yìnyín, ó bọ́ sí Sípéènì. Ó sì tún padà wá lọ́dún 1944, ó múra bí ìyá àgbà! Amẹ́ríkà fún un ní Distinguished Service Cross lọ́dún 1945, òun nìkan ni obìnrin tí kì í ṣe sójà tó gbà á nínú ogun yẹn.

Ta ni Noor Inayat Khan, kí ló dé tí orúkọ ẹ̀ ń jáde ṣáá?

Moscow ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1914, bàbá ẹ̀ ará Íńdíà, olùkọ́ Sufi, ìyá ẹ̀ ará Amẹ́ríkà, tòsí Paris ló dàgbà sí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn sí i, wọ́n ní ó ti rọ̀ jù, àmọ́ oní-rédíò ò pọ̀ tó, wọ́n bá rán an. Oṣù kẹfà ọdún 1943 ni bàálù gbé e dé Faransé, òun sì ni obìnrin oní-rédíò àkọ́kọ́ tí wọ́n rán láti Ìlú Ọba lọ síbẹ̀.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó dé tí Gestapo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ikọ̀ Prosper, ikọ̀ tó tóbi jù ní agbègbè Paris. Ọ̀kan tẹ̀ lé òmíì, gbogbo wọn lọ. Lọ́ńdọ̀nù ní kó máa bọ̀ nílé, ó ní òun ò wá, torí tóun bá lọ kò ní sí rédíò kankan mọ́ fáwọn tó kù. Ó ń ti ilé kan bọ́ sí ilé kan, ó ń pa irun ẹ̀ láró, ó ń gbé àpótí yẹn kiri, títí di oṣù kẹwàá tí ẹnì kan tà á fún Gestapo gba owó.

Ilé 84 ní Avenue Foch ní Paris, níbi táwọn ará Jámánì ti ń bi àwọn amí léèrè ọ̀rọ̀, ni wọ́n mú un lọ. Ọjọ́ tí wọ́n mú un yẹn gan-an ló ti gba fèrèsé ilé ìwẹ̀ jáde, wọ́n gbá a mú. Ó tún gbìyànjú lẹ́yìn náà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì, wọ́n gba orí òrùlé, wọ́n tún mú wọn. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé pé kò ní sá mọ́, ó kọ̀, wọ́n bá gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Pforzheim ní Jámánì, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lọ́wọ́ dè é lẹ́sẹ̀ fún bí oṣù mẹ́wàá. Kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1944 ni wọ́n yìnbọn pa á ní Dachau, ọ̀kan lára àwọn àgọ́ ikú Jámánì, òun àti Yolande Beekman, Eliane Plewman àti Madeleine Damerment.

Ṣé Lọ́ńdọ̀nù ò lè dáàbò bò wọ́n ni?

Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Noor fi ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti fi ránṣẹ́ pamọ́ sínú ìwé kan, àwọn ará Jámánì rí i, wọ́n wá ń fi rédíò ẹ̀ bá Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ bíi pé òun ni. Àmì wà tó yẹ kó jẹ́ kí Lọ́ńdọ̀nù fura, wọ́n ò kà á sí. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n ń fi ìbọn ránṣẹ́, wọ́n tún ń fi èèyàn ránṣẹ́. Lóru ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1944, Madeleine Damerment fò látinú bàálù nítòsí Chartres, àwọn tó tan iná fún un nísàlẹ̀, Gestapo ni. Òun ni Madeleine tí wọ́n padà yìnbọn pa pẹ̀lú Noor ní Dachau.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Họ́láńdì náà, èèyàn tó lé ní 50 ni wọ́n fò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Mo mọ̀ pé ogun le, pé àwọn tó wà ní Baker Street ò sùn, síbẹ̀ ẹni tó bá rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sẹ́nu ikú yẹ kó fara balẹ̀ ka ohun tí rédíò ń sọ fún un.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tọ́wọ́ bá tẹ̀ wọ́n?

Wọn ò wọ aṣọ sójà, torí náà òfin tó ń dáàbò bo ẹlẹ́wọ̀n ogun ò kàn wọ́n. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé kí wọ́n ṣáà ti gbẹ́nu dákẹ́ fún wákàtí 48, káwọn tó kù lè ráyè sá. Wọ́n tún fún àwọn tó bá fẹ́ ní oògùn tó máa pa wọ́n lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n fi irin gbígbóná jó Odette lẹ́yìn, wọ́n fa gbogbo èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀ tu. Ó ní òun ni ìyàwó Peter Churchill, ọ̀gá ikọ̀ ẹ̀ tí wọ́n jọ mú, pé mọ̀lẹ́bí Churchill olórí ìjọba sì ni ọkọ òun. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lọ́ra láti pa á. Nígbà tógun ń parí, ọ̀gá Ravensbrück, àgọ́ ikú tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin sí, fúnra ẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e lọ bá àwọn sójà Amẹ́ríkà, ó rò pé wọ́n máa tìtorí ẹ̀ ṣàánú òun, Odette kàn sọ fún wọn ẹni tó jẹ́ ni.

Violette ò rí bẹ́ẹ̀ là. Wọ́n mú un ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1944 nítòsí Salon-la-Tour, wọ́n pa á ní Ravensbrück níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, pẹ̀lú Denise Bloch àti Lilian Rolfe. Ẹni ọdún 23 ni.

Ṣé ẹnì kan wà tó rí wọn gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ Gestapo rí?

Krystyna Skarbek ṣe é, ọmọ Póláǹdì, Christine Granville lorúkọ tó ń jẹ́ níbi iṣẹ́. Lóṣù kẹjọ ọdún 1944 wọ́n mú ọ̀gá ẹ̀ Francis Cammaerts àti àwọn méjì míì ní ìlú Digne, wọ́n fẹ́ pa wọ́n. Krystyna fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ bá àwọn tó ń bá Gestapo ṣiṣẹ́, ó sọ ẹni tóun jẹ́ fún wọn gbangba, ó ní àwọn ọmọ ogun wa ti gúnlẹ̀ sí gúúsù Faransé, ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí wọ́n dé ibí, tẹ́ ẹ bá pa wọ́n, àwọn ará ìlú máa fa yín ya. Ó tún ṣètò owó, mílíọ̀nù méjì franc. Wọ́n fi mọ́tò gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lẹ́wọ̀n, Krystyna ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà.

Ṣé wọ́n dá wọn lọ́lá lẹ́yìn ogun?

Àwọn kan. George Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù fún ẹni tí kì í ṣe ojú ogun gan-an ló wà, wọ́n fún Odette àti Violette lọ́dún 1946, wọ́n fún Noor lọ́dún 1949. Tania ọmọ Violette ló gba ti ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ Ọba George Kẹfà, ọmọ ọdún mẹ́rin, aṣọ tí ìyá ẹ̀ rà fún un ní Paris nígbà tó kọ́kọ́ lọ síṣẹ́ amí ló wọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀rọ̀ FANY tí mo sọ. Torí pé lórí pépà wọn kì í ṣe sójà, àmì ẹ̀yẹ MBE ti ará ìlú ni wọ́n fẹ́ fún Pearl Witherington. Ó dá a padà, ó ní kò sí nǹkan kan tó jẹ́ ti ará ìlú nínú ohun tóun ṣe. Wọ́n padà fún un ní ti ológun. Báàjì àwọn tó fò látinú bàálù náà, ọdún 2006 ló tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ti lé ní 90 ọdún nígbà yẹn. Krystyna ní tiẹ̀, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tógun parí, ó wá lọ ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ibẹ̀ ló ti pàdé ọkùnrin tó padà gún un pa ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952.

Phyllis Latour ò sọ fáwọn ọmọ ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ ẹ̀ ti rí i. Ó kú ní Niu Silandi lọ́dún 2023, ẹni ọdún 102.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi táwọn tó kú kú sí?

Iṣẹ́ Vera Atkins nìyẹn. Èèyàn F Section 118 ló sọnù, ó wọ Jámánì lọ lẹ́yìn ogun, ó ń ti ọgbà ẹ̀wọ̀n kan dé òmíì, ó ń jókòó níwájú àwọn tó ṣọ́ àgọ́ ikú, ó ń bi wọ́n léèrè irú irun tí obìnrin yẹn ní, aṣọ tó wọ̀, ọjọ́ wo ni. Ó rí ìdí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn àyàfi ẹnì kan. Ní àgọ́ ikú Natzweiler, wọ́n gún obìnrin mẹ́rin lábẹ́rẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1944, wọ́n sun wọ́n níná: Andrée Borrel, Vera Leigh, Diana Rowden àti ẹnì kẹrin. Noor ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́, àṣé Sonia Olschanezky ni, ọmọbìnrin oníjó kan tí wọ́n gbà síṣẹ́ nílẹ̀ Faransé níbẹ̀, tí Lọ́ńdọ̀nù ò tiẹ̀ mọ̀ dáadáa.

Ṣé ibì kan wà tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí?

Ohun ìrántí kan wà ní ìlú Valençay ní Faransé, wọ́n ṣí i lọ́dún 1991. Orúkọ èèyàn F Section 104 ló wà níbẹ̀, ọkùnrin 91, obìnrin 13. Sonia Olschanezky ò sí nínú 13 yẹn, torí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ló rán an wá. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa òun àti àwọn mẹ́ta tó kù, yàrá kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe kí wọ́n tó mú wọn, lójú tèmi ó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ tiwọn.